Ẹ jẹ́ kí ìtàn ẹlẹ́kún pé lórí tẹlifíṣàn

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ àti àwọn tó ń ṣe eré tẹlifíṣàn ní Èkìtì níbí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí tó létí. Ó dá lórí àwọn ìwé ìtàn àròsọ Gẹ̀ẹ́sì ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó máa ń parí sí ikú àti ẹkún, àti bí wọ́n ṣe ń sọ wọ́n di eré orí tẹlifíṣàn. Láti 2021 títí di 2025, Wuthering Heights tí Emily Brontë kọ wà lára ìwé tí WAEC yàn fún ìdánwò lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń wo fíìmù irú ìwé bẹ́ẹ̀ lórí fóònù dípò kí wọ́n kà á. Wíwò kò burú. Èyí tó burú ni pé èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń wò, wọn kì í sì í mọ̀ bóyá odidi ìtàn ni tàbí ààbọ̀. Fíìmù Amẹ́ríkà tó jáde ní 1939, tí Laurence Olivier ti ṣe Heathcliff, gé ìtàn àwọn ọmọ kúrò lẹ́yìn ikú Catherine, obìnrin tí Heathcliff fẹ́ràn. Bẹ́ẹ̀, orí 34 ni ìwé náà ní, orí 16 sì ni Catherine ti kú. Ọmọ tó bá gbé fíìmù yẹn wọ gbọ̀ngàn ìdánwò kò ní mọ nǹkan kan nípa Cathy ọmọ Catherine, Linton àti Hareton, àwọn mẹ́ta tí ìdajì ìwé ọ̀hún dá lé lórí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀. Ikú tó wà níparí irú ìtàn báyìí kọ́ ló ń jẹ́ kó wọni lára. Àwọn ohun kéékèèké tó ṣáájú ikú ọ̀hún ni: àṣìṣe kan tó bí òmíràn, irọ́ kan tí ẹnì kan pa láti fi bo ìtìjú, lẹ́tà kan tí kò dé ọwọ́ ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Bí olùdarí eré bá gé àwọn nǹkan wọ̀nyí dànù nítorí pé àkókò kò tó, tó wá fi ikú nìkan sílẹ̀, àjálù lásán ló kù lójú ìran. Òǹwòran lè sunkún, àmọ́ kò ní lè sọ ohun tó fa ẹkún rẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ikú ló yọ kúrò kí inú àwọn èèyàn lè dùn, gbogbo ohun tó ti ń tò láti ìbẹ̀rẹ̀ wá di asán.

Tẹlifíṣàn ló bá irú ìtàn yìí mu jù, ju fíìmù oníwákàtí méjì lọ, nítorí pé ìpín ìpín ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́kọ́ fi jáde. The Mayor of Casterbridge ti Thomas Hardy jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Graphic, láti ọjọ́ 2 oṣù kìíní títí di ọjọ́ 15 oṣù karùn-ún, 1886, ogún ọ̀sẹ̀ gbáko. Bleak House ti Charles Dickens jáde lóṣooṣù láti oṣù kẹta 1852 sí oṣù kẹsàn-án 1853. Òǹkàwé ìgbà náà ń dúró de ìpín tó kàn bí àwọn ìyá wa ṣe ń dúró de eré alẹ́. Ó ní ewu tirẹ̀ o. Hardy fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé wíwá tí òun ń wá ìṣẹ̀lẹ̀ kan fi sínú ìpín ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe The Mayor of Casterbridge ní jàǹbá. Ẹni tó bá ń kọ eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ lónìí, kó fi ìyẹn sọ́kàn: kò pọn dandan kí ìbọn dún tàbí kí ẹnì kan ṣubú lulẹ̀ ní ìparí gbogbo apá.

Nígbà tí BBC tún ṣe Bleak House ní 2005, apá 15 ni Andrew Davies kọ ọ́ sí. Wákàtí kan ni apá àkọ́kọ́, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìyókù, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń gbé e jáde, wọ́n sì fi tẹ̀lé EastEnders, eré ìdílé tí àwọn èèyàn wọn fẹ́ràn púpọ̀. Ìwé orí 67 ni. Ẹjọ́ ogún kan wà nínú rẹ̀ tó ti pẹ́ ní kóòtù débi pé nígbà tí yóò fi parí, owó lọ́yà àti owó kóòtù ti jẹ gbogbo ogún náà tán, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbẹ́kẹ̀ lé e sì kú. Gillian Anderson ló ṣe Lady Dedlock, obìnrin ọlọ́lá tó ní àṣírí, tó sì kú sí ẹnu géètì itẹ́ òkú àwọn tálákà. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹn ló yẹ kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn wa níbí kíyè sí. Àwọn èèyàn tó ti wà nídìí tẹlifíṣàn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé ìtàn líle yìí fún, ní ìwọ̀n tí kò sú ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú Tess of the d'Urbervilles, tó jáde ní 1891, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, nítorí òun ni okùnfà inú rẹ̀ so kọ́ra jù. Àlùfáà kan pàdé baba Tess lójú ọ̀nà, ó sọ fún un pé ìran ọlọ́lá ni wọ́n jẹ́ láyé àtijọ́. Baba lọ mutí ayọ̀, ó yó, kò lè gbé ilé oyin lọ sọ́jà lóru. Tess gbà á lọ. Oorun gbé ọmọ náà lọ lórí kẹ̀kẹ́ ẹrù, kẹ̀kẹ́ tó ń gbé lẹ́tà kọ lù wọ́n nínú òkùnkùn, ọ̀pá rẹ̀ sì wọ ẹṣin wọn, Prince, láyà. Ẹṣin yẹn ni ọ̀nà oúnjẹ wọn. Nítorí pé Tess gbà pé òun lòun pa á, ó gbà láti lọ bẹ àwọn tí wọ́n pè ní ìbátan wọn, bẹ́ẹ̀ ìbátan kọ́ ni wọ́n, olówó kan tó kàn mú orúkọ ọlọ́lá lẹ́ ara rẹ̀ ni. Ibẹ̀ ló ti bọ́ sọ́wọ́ Alec, ọmọ olówó ọ̀hún. Olùdarí tó bá yọ ikú ẹṣin kúrò nítorí pé ẹṣin ń náni lówó ti sọ Tess di ọmọbìnrin tó kàn ń wá ọrọ̀ kiri. Gbogbo ẹ̀bi tó ń gbé lọ́kàn di ohun tí a kò rí orísun rẹ̀.

Lẹ́tà rẹ̀ ni èkejì. Kí Tess tó fẹ́ Angel Clare, ó kọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i sínú lẹ́tà, ó tì í wọlé lábẹ́ ìlẹ̀kùn Angel. Lẹ́tà náà gba abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ, Angel kò rí i. Nínú ìwé, Tess kò mọ̀ títí di òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, àwa tó ń kà á náà kò sì mọ̀. Lórí tẹlifíṣàn, olùdarí ní láti yàn. Bí kámẹ́rà bá fi hàn wá lójú ẹsẹ̀ pé lẹ́tà náà ti wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó di pé àwa mọ ohun tí Tess kò mọ̀, a ó sì máa fi ìbẹ̀rù wo ẹ̀rín rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tó kù kí wọ́n ṣègbéyàwó. Bó bá fi pamọ́, ìyàlẹ́nu ìṣẹ́jú kan ni a rí gbà. Èmi fara mọ́ fífi hàn. Kí ó jẹ́ àwòrán kan ṣoṣo, láti inú yàrá, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, láìsí ìlù kankan lábẹ́ rẹ̀.

Ohun tí Alec fi ṣe Tess nínú igbó lóru ló le jù. Hardy fi kùrukùru àti òkùnkùn bò ó, ó ní Tess ti sùn, ó sì gbé ojú kúrò. Nígbà tí The Graphic ń gbé ìtàn náà jáde ní 1891, wọn kò gbà á bẹ́ẹ̀ pàápàá. Hardy ní láti fi ìgbéyàwó ẹ̀tàn rọ́pò rẹ̀, kí ó sì yọ ibi tí Tess ti ṣe ìrìbọmi fún ọmọ rẹ̀ tó ń kú lọ. Kódà ibi tí Angel ti gbé àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin kọjá omi lójú ọ̀nà, wọ́n ní kó fi bárò tì wọ́n kọjá, kó má fọwọ́ kàn wọ́n. Ìwé lè fi kùrukùru bò ó, àmọ́ kámẹ́rà gbọ́dọ̀ dúró síbì kan. Tí eré bá jẹ́ kó dà bí ìfẹ́, a ti bu ẹ̀tẹ́ lu Tess lẹ́ẹ̀kejì. Ohun tó yẹ ni kí ó hàn kedere pé ọmọbìnrin náà ti sùn, kò gbà fún un, kí a má sì fi ara rẹ̀ han ẹnikẹ́ni. Ojú Alec nígbà tó dúró tì í, lẹ́yìn náà òwúrọ̀, ti tó.

BBC fún ìtàn yìí ní apá mẹ́rin oníwákàtí kan ní 2008. David Nicholls ló kọ ọ́, Gemma Arterton ni Tess, Eddie Redmayne ni Angel. Wákàtí mẹ́rin yìí ṣe pàtàkì nítorí àkókò tí Tess lò ní Flintcomb-Ash, lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ já a sílẹ̀ lọ sí Brazil. Oko olókùúta ni, ó ń wa ìṣù inú ilẹ̀ nínú òtútù. Ibẹ̀ kò ní ìṣẹ̀lẹ̀ púpọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn olóòtú fíìmù fi máa ń kọ́kọ́ gé e. Àmọ́ bí a kò bá rí bí iṣẹ́ yẹn ṣe ń lọ̀ ọ́, tí a kò rí bí baba rẹ̀ ṣe kú, tí wọ́n sì lé ìyá àti àwọn àbúrò jáde nílé nítorí pé orí ẹ̀mí baba ni ẹ̀tọ́ ilé náà dúró lé, a ó ní ìfẹ́ owó ló mú un padà sọ́dọ̀ Alec. Ebi àwọn àbúrò ló mú un padà.

Ní ti The Mayor of Casterbridge, èyí tí BBC ṣe ní 1978 ni mo fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Apá méje ni, Dennis Potter ló kọ ọ́, Alan Bates ló ṣe Henchard. ITV, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn mìíràn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún ṣe tirẹ̀ ní 2003 pẹ̀lú Ciarán Hinds. Ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ níbi ìpàtẹ ọjà kan: Henchard, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń wáṣẹ́ kiri, jẹ ẹ̀kọ àlìkámà tí ìyá olóúnjẹ bu ọtí líle sí níkọ̀kọ̀, ó yó, ó sì ta ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ obìnrin fún awakọ̀ òkun kan ní gínì márùn-ún. Nígbà tí ojú rẹ̀ dá, ó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó fọwọ́ lé Bíbélì, ó búra pé òun kò ní fẹnu kan ọtí fún ọdún 21, nítorí pé ẹni ọdún 21 ni. Ọdún 18 kọjá kí ìyàwó tó wá a dé, ó sì ti di olórí ìlú. Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa. Ìbúra náà máa pé nígbà tí ìtàn bá ti wọra, ọjọ́ tó sì pé ni Henchard padà sídìí ọtí, nígbà tí ohun gbogbo ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Eré tó bá gbàgbé láti sọ iye ọdún ìbúra ní apá àkọ́kọ́ ti pàdánù ohun tó yẹ kó máa dún lọ́kàn òǹwòran láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìyá ẹlẹ́kọ yẹn náà kò ṣeé yọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ló gbọ́dọ̀ fara hàn lójú kan náà tí èèyàn lè dá mọ̀: níbi ìpàtẹ, àti ní kóòtù, nígbà tí Henchard jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́ tí ìyá náà sì tú àṣírí rẹ̀ lójú gbogbo ayé. Kí ẹni tó ń wá òṣèré má fi obìnrin tí ojú rẹ̀ kò ní àmì kankan ṣe é. Ojú tó máa dúró lọ́kàn fún apá mẹ́ta mẹ́rin ni kí ó wá.

Bí Henchard ṣe pàdánù owó rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ eré máa ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu kan sọ kọjá, ó sì dùn mí púpọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ló yẹ kó yé wa jù lọ ní Èkìtì. Ó lọ bá aríran ojú ọjọ́ kan, ìyẹn sọ fún un pé òjò máa ba ìkórè jẹ́. Ó ra ọkà jọ lówó gọbọi. Ojú ọjọ́ wá dára, owó ọkà já wálẹ̀, ó fi ìbẹ̀rù tà á ní àdánù. Kò pẹ́ rárá, òjò náà dé lóòótọ́. Ẹni tó ti ra kòkó tàbí àgbàdo jọ rí mọ ìrora yẹn. Ọ̀nà tó rọrùn láti fi hàn án lórí tẹlifíṣàn ni pátákó iye owó ní ọjà: kámẹ́rà padà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, owó yàtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ojú ọ̀run yàtọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ.

Ìparí rẹ̀ ńkọ́? Henchard gbé ẹyẹ kékeré kan sínú àgò wá síbi ìgbéyàwó Elizabeth-Jane, ọmọ ìyàwó rẹ̀ tó ti mú bí ọmọ. Ọmọ náà kò gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí irọ́ tó ti pa fún un. Ó gbé àgò náà sílẹ̀ níta, ó bá tirẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n rí òkú ẹyẹ nínú rẹ̀. Ìwé ìhágún tó fi sílẹ̀ nínú ahéré tó kú sí sọ pé kí wọ́n má sọ fún Elizabeth-Jane pé òun kú, kí wọ́n má sin òun sí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, kí agogo má dún, kí ẹnikẹ́ni má rántí òun. Níbi tí a ti mọ ohun tí ìsìnkú àgbà jẹ́, tí ọmọ ń yá owó kí òkú baba rẹ̀ lè lọ tẹ̀yẹtẹ̀yẹ, n kò mọ ọ̀rọ̀ tó lè bani lọ́kàn jẹ́ ju ìyẹn lọ. Kí ẹni tó ka ìwé náà nínú eré kà á bí aláìmọ̀wékà, díẹ̀díẹ̀, láìsunkún. Kí wọ́n má fi orin kankan sí i.

Lórí Wuthering Heights, ohun méjì péré ni mo fẹ́ fi kún èyí tí mo ti sọ. Èkínní, ìtàn ilẹ̀ àti ilé ni, bó ṣe jẹ́ ìtàn ìfẹ́. Heathcliff fi tẹ́tẹ́ àti ìdógò gba ilé Hindley, ẹ̀gbọ́n Catherine, ó wá fipá mú Cathy fẹ́ Linton ọmọ rẹ̀ kí ohun ìní ìdílé kejì lè tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Lábẹ́ òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ohun ìní obìnrin tó ṣeé gbé di ti ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ọdún 1882 ni òfin tó fún obìnrin ilé ọkọ ní ẹ̀tọ́ kíkún lórí ohun tirẹ̀ tó dé. Eré tó bá gé ìran kejì, ìyẹn ìtàn àwọn ọmọ, ti gé ẹ̀san náà, orin ìfẹ́ ló kù. Èyí tí BBC ṣe ní apá márùn-ún ní 1978 àti èyí tí ITV ṣe ní 2009 pẹ̀lú òṣèré Tom Hardy gbé ìran kejì wọlé. Àwọn ni kí olùkọ́ wá fún kíláàsì rẹ̀. Èkejì, orúkọ inú rẹ̀ ń dani lójú rú: Catherine méjì, Linton tó jẹ́ orúkọ ìdílé tó tún jẹ́ orúkọ ọmọ. Olùdarí tó gbọ́n á fún ìyá àti ọmọ ní aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, á sì jẹ́ kí ìyá ìránṣẹ́ ilé, Nelly Dean, máa sọ ìtàn náà fún àlejò bó ṣe wà nínú ìwé. Àwa tí a gbọ́ àlọ́ lẹ́nu ìyá àgbà kò ní ṣàròyé pé ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ lórí àwòrán.

The Mill on the Floss ti George Eliot (1860) kì í sábà bọ́ sí i dáadáa nígbà tí wọ́n bá fún un mọ́ inú fíìmù kan ṣoṣo, bí èyí tí BBC ṣe ní 1997 pẹ̀lú Emily Watson. Omíyalé ló pa tẹ̀gbọ́n tàbúrò níparí rẹ̀. Nínú ìwé, odò náà ti wà lẹ́nu gbogbo wọn láti orí àkọ́kọ́, ẹjọ́ lórí omi ọlọ ló sọ baba wọn di aláìní, ìgbà èwe Maggie àti Tom sì gùn gan-an. Bí ìgbà èwe yẹn bá dín kù sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, omi á dà bí ohun tó ṣàdédé já wọlé. Jude the Obscure (1895), tí BBC ṣe ní apá mẹ́fà ní 1971, kò yẹ fún ìgbà tí ọmọdé ṣì wà nídìí tẹlifíṣàn. Ikú àwọn ọmọ inú rẹ̀, ìlẹ̀kùn tí wọ́n ṣí àti ojú ẹni tó ṣí i nìkan ni kí a rí.

Ó ti pẹ́ tí àwọn èèyàn ti ń bẹ̀bẹ̀ fún ìparí dídùn. Ọ̀rẹ́ Dickens kan, Bulwer-Lytton, ló rọ̀ ọ́ tó fi yí ìparí Great Expectations padà ní 1861. Hardy sọ nínú àkíyèsí tó fi sí The Return of the Native ní 1912 pé ìgbéyàwó tó wà níparí ìwé náà kò sí nínú ètò òun tẹ́lẹ̀, bí ìtàn náà ṣe ń jáde nípìín-nípìín ló fà á. Ní ti àwa, ìgbéyàwó kọ́ ni àwọn onífíìmù wa sábà ń fi kún un. Ìwàásù ni: ọ̀daràn á dọ̀bálẹ̀, á jẹ́wọ́, wòlíì á gbàdúrà. Orin àkọlé náà á sì ti sọ gbogbo ohun tó máa ṣẹlẹ̀ kí ó tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, nínú irú ìtàn yìí, ẹ yọ méjèèjì. A mọ bí a ṣe ń ṣe é: Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ, tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 1997, jẹ́ ìtàn ìfẹ́ tó forí ṣánpọ́n, apá méjì ni wọ́n ṣe é, àwọn èèyàn sì ń wò ó títí dòní.

Fún ẹni tó bá fẹ́ gbé Tess sí Èkìtì, ètò tí mo rò rèé. Ẹ gba ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 13. Bí ìpolówó ọjà bá gba ìṣẹ́jú mẹ́fà, ìṣẹ́jú 24 ló kù. Ojú ìwé eré kan sì máa ń tó ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ojú ìwé 24 ni apá kọ̀ọ̀kan, 312 ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn wákàtí márùn-ún ó lé ìṣẹ́jú 12. Ẹ má fi 13 pín orí 59 tí ìwé ní. Ìpín méje ni Hardy fúnra rẹ̀ pín in sí. Ìpín kejì kò ju orí mẹ́rin lọ, apá kan ti tó o. Ìpín karùn-ún, tí ọkọ já a sílẹ̀ tí ìyà bẹ̀rẹ̀, ni kí ẹ fún ní mẹ́ta. Ìpín keje ń sáré, apá kan náà ni. Kí mẹ́rin tó kù ní méjì méjì. Ẹ fi ìṣẹ́jú kan ṣe àkótán ọ̀sẹ̀ tó kọjá níbẹ̀rẹ̀ gbogbo apá, nítorí iná lè ti lọ lójú ẹlòmíràn.

Kí ó jẹ́ ayé 1950 sí 1960, nígbà tí owó kòkó ń wọlé. Ẹ má wá màlúù kiri nítorí pé ibi ìfúnwàrà ni Tess ti pàdé Angel. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí dára jù: àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin tó ń bẹ̀gẹ́, tó ń rìn ín, tó ń yan án, tí gbogbo wọn ń wo ọkùnrin kan náà. Inú òjò oṣù kẹfà ni kí ẹ ti ya ìyẹn. Kí Flintcomb-Ash di ibi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lẹ́sẹ̀ àpáta Ìkẹ́rẹ́, kí ẹ sì dúró de ọyẹ́ oṣù kìíní. Ètè tó là àti eruku tó bo ojú kò nílò àtíkè. Ilé tí wọ́n lé wọn jáde, kí ó jẹ́ ilé inú oko olóko, tó bá iṣẹ́ baba rìn. Ẹ má fi ìṣákọ́lẹ̀ ṣe é, torí ọmọ sábà máa ń jogún ìyẹn. Nínú ìwé, Tess ti ka Sítáńdáàdì mẹ́fà, ó ń sọ èdè ìbílẹ̀ nílé, ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì gidi níta, ìyá rẹ̀ kò gbọ́ ju èdè ìbílẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí ìyá sọ ẹ̀ka èdè Èkìtì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ọmọ máa bọ́ sínú Yorùbá ilé ìwé bó bá ti rí Angel.

Ní ti ikú Alec, tí Tess fi ọ̀bẹ gún pa níkẹyìn, Hardy ti ṣe iṣẹ́ olùdarí tán. Kò fi ọ̀bẹ hàn wá. Ìyá onílé tó jókòó nísàlẹ̀ ló gbójú sókè, tó rí àmì pupa kékeré kan lára àjà, tó sì ń fẹ̀ títí ó fi tó àtẹ́lẹwọ́. Ẹ wá ilé pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí ilẹ̀ òkè rẹ̀ jẹ́ pákó. Àwòrán mẹ́ta péré: àmì, àmì tó fẹ̀, ojú ìyá onílé.

Ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé kò dí yín lọ́wọ́. Hardy kú ní 1928, òfin wa ti 2022 sì fún òǹkọ̀wé ní ọdún 70 lẹ́yìn ikú. Àmọ́ eré BBC àti ti ITV ní ẹ̀tọ́ tiwọn. Inú ìwé Hardy gan-an ni kí ẹ ti kọ tiyín, ẹ má ṣe da ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré wọn kọ.

Bí owó bá kéré, ẹ kọ́kọ́ fi Tess sílẹ̀, ẹ mú The Mayor of Casterbridge. Ọjà, kóòtù, ilé olówó kan, àká ọkà àti ahéré ló fẹ́, gbogbo rẹ̀ ló sì wà láàárín Adó sí Ìkẹ́rẹ́. Títa ìyàwó ní ọjà kò bá àṣà wa mu, ẹ jẹ́ kó di pé ó mutí yó, ó fi wọ́n sílẹ̀ fún ọkùnrin tó san gbèsè rẹ̀. Ère tí wọ́n gbé káàkiri láti fi dójú ti Lucetta, ọ̀rẹ́bìnrin Henchard àtijọ́, títí ó fi kú lè di orin èébú ọdún, irú èyí tí wọ́n ń kọ lọ́jọ́ Òkè'Bàdàn. Ìbúra ọdún 21 kò fẹ́ àtúnṣe kankan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì